Lẹ́ńsì Kẹta

"Má mira o," ni ayàwòrán wí, ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ kámẹ́rà. Wiebke ìyàwó rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, lẹ́yìn tábìlì tí ìgò bíà kan wà lórí rẹ̀, aṣọ pupa rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì lọ́nà tó wu ọkọ rẹ̀.

"Mo ní mò ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Kassel."

"Ó dáa. Dúró díẹ̀ sí i."

Lẹ́ńsì àtijọ́ mẹ́ta ló fẹ́ fi wéra. Ní Wetzlar, ìlú àwọn tó ń ṣe lẹ́ńsì, èèyàn lè máà ní ọpọlọ, àmọ́ ẹni tí kò bá ní lẹ́ńsì àtijọ́, àánú rẹ̀ a máa ṣe ará àdúgbò. Ó ṣí ojú àkọ́kọ́ sílẹ̀ gbayawu, ó rọra ń yí òrùka ara lẹ́ńsì náà bí ẹni tó ń yọ pàǹtí lójú ọmọ tuntun, ó sì ya ìgò. Ìgò ló máa ń yà, torí ìgò kì í ṣẹ́jú, kì í sì í béèrè ìgbà tí wọ́n máa jọ jáde.

Ó ki èkejì bọ kámẹ́rà.

"Mi ò ní padà wá mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Gbé àpótí yẹn sọ́wọ́ kejì, ó ń ba ẹ̀yìn fọ́tò jẹ́."

Ó yà á. Ó fara balẹ̀ pààrọ̀ lẹ́ńsì, ó tún yà á.

Nígbà tó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wiebke," ó ké sínú ilé, "wá wò ó. Ẹ̀kẹta ló yege. Ẹ̀yìn ìgò mọ́ lóló, ẹnu ilẹ̀kùn ṣófo, kò sí ohun tó ń fa ojú ẹni kúrò lára ìgò mọ́."