Ọ̀gá Tí Àwòrán Rẹ̀ Wà Lára Páálí Sítóòfù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ tó jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ sì fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, pàápàá tí onítọ̀hún bá ń bá ọ̀gá kan polówó ọjà.

1.
Ní ọdún tí owó Údọ́jì dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba àfikún owó oṣù, tí wọ́n ń fi í ra fáànù àti rédíò, ta ni kò mọ Ọ̀gá Túbọ̀sún ní Sùúrùlérè? Òun ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sítóòfù Iná-Ire nítòsí Costain. Àwọn ọ̀gá mìíràn a máa jókòó sínú ọ́fíìsì, wọn a rán ọmọọṣẹ́ síta. Ti Túbọ̀sún yàtọ̀. Àwòrán òun fúnra rẹ̀ ló wà lára páálí, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò: "Èmi Túbọ̀sún ni mo ṣe é. Bó bá dà yín láàmú, èmi ni kẹ́ ẹ mú."

Ilé tí sítóòfù rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, á wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Á ká agbádá sí èjìká, á lóṣòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn ìyá, á ṣáná sí sítóòfù àkọ́kọ́, á sì dúró tì í títí omi á fi hó.

"Ẹ wo ọ̀gá ńlá tó lóṣòó bí ẹni fẹ́ dín àkàrà!" Báyìí làwọn obìnrin ṣe máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ gbé ata wá, mo máa lọ̀ ọ́!" lòun náà á dáhùn. Ẹ̀rín á sọ. Wọ́n á sì rà á.

2.
Àṣàbí ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Ìpọ̀nrí. Lọ́jọ́ tí Túbọ̀sún wá ṣáná nílé tí Àṣàbí ń gbé, ó ní kó máa bá òun ta Iná-Ire. Obìnrin náà tà á bí ẹni ta ọjà ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, Túbọ̀sún ò yọjú sílé àwọn oníbàárà mọ́. Ó ní:

"Àṣàbí, ọwọ́ mi ti dí. Ìwọ ni kó o máa bá mi ṣáná. Ọwọ́ ẹ, ọwọ́ mi ni."

Inú Àṣàbí dùn, orí rẹ̀ wú. Ó rò pé wọ́n gbé òun ga ni. Kò mọ̀ pé Túbọ̀sún ti fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò èyí tó nípọn tí wọ́n fi ń ṣe ikùn sítóòfù tí kẹrosín ń wà nínú rẹ̀, kí èrè lè pọ̀ sí i. Ó mọ ohun tó ṣe. Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ sún mọ́ iná náà mọ́.

Fúnlọ́lá, aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Àṣàbí, ra ọ̀kan nínú àwọn tuntun náà.

"Àǹtí Àṣàbí, ọ̀gá yín ò ní wá ṣáná sí tèmi ni? Àbí tèmi ò tó tẹni?"

"Èmi ni mo dúró fún wọn. Tó bá ṣe ẹ́ ní nǹkan kan, èmi ni kó o mú."

3.
Ẹ̀wà ni Fúnlọ́lá ń sè lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ikùn sítóòfù náà fi bẹ́. Kẹrosín tó ti gbaná tú dà sí i lọ́wọ́ méjèèjì. Ó yè é, ṣùgbọ́n awọ ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra.

Àṣàbí sáré lọ sí Costain. Mẹ́gáàdì ní ọ̀gá ò sí. Ṣùgbọ́n mọ́tò ọ̀gá wà nínú ọgbà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì dúró lójú fèrèsé lókè. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Àṣàbí kígbe:

"Ọ̀gá mi, sítóòfù yín ti jó Fúnlọ́lá lọ́wọ́! Ẹ kàn wá kí i ni! Ẹ má mú nǹkan kan dání! Ẹ ṣáà jẹ́ kó rí yín!"

Túbọ̀sún fa kọ́tìnnì.

Nígbà tí Àṣàbí padà dé, Fúnlọ́lá bi í pé, "Ṣé wọ́n ń bọ̀?"

"Wọ́n ń bọ̀," ni Àṣàbí wí. Ó purọ́ nítorí ẹni tí kò ní purọ́ nítorí tirẹ̀ láé, àfi kó parọ́ mọ́ ọn.

4.
Kò pẹ́ rárá. Gbogbo ilé ń gbọ́ rédíò nírọ̀lẹ́ nígbà tí ohùn tí wọ́n mọ̀ dún:

"Èmi Túbọ̀sún ni. Obìnrin kan ń ta ayédèrú Iná-Ire ní Ìpọ̀nrí. Àṣàbí lorúkọ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún un."

Àwo bọ́ lọ́wọ́ Àṣàbí. Abọ́dúndé, ọkọ Fúnlọ́lá, dìde.

"Ẹ sì ní ó ń bọ̀! Ẹ ní ẹ dúró fún un!"

"Abọ́dúndé, inú ọkọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ti ń já sítóòfù náà fún mi! Gbogbo yín lẹ rí i!"

Fúnlọ́lá ló sọ̀rọ̀, tòun ti báńdéèjì lọ́wọ́. "Ẹ fi Àǹtí Àṣàbí sílẹ̀. Iná jó mi, mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn gbọ́ pé mo jóná, ó wá lọ polówó."

5.
Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa Iná-Ire. Láti Ìpọ̀nrí ó dé Yaba, ó dé Mushin. Àwọn obìnrin ń kó sítóòfù padà lọ dà sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́. Túbọ̀sún yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára páálí, ó gba máníjà kan tó mọ̀rọ̀ sọ. Bí máníjà bá ti la ẹnu, "Ọ̀gá dà?" ni wọ́n ń bi í. Nígbà tó ṣe, géètì tì, àwọn òṣìṣẹ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ di aláìníṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìka Fúnlọ́lá ò là. Kò sẹ́ni tó lé Àṣàbí kúrò nílé náà. Òun ló palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, nítorí kò lè máa kọjá lẹ́nu yàrá aránṣọ kó má gbọ́ ìró maṣíìnì.

Ẹ̀yin ọ̀gá, kò burú kẹ́ ẹ yọjú. Ojú ọ̀gá ló ń fi oníbàárà lọ́kàn balẹ̀ ju ìpolówó ọjà lọ. Ṣùgbọ́n ojú yẹn náà ni wọ́n máa wá lọ́jọ́ tí ọjà yín bá pa wọ́n lára. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa sá lọ́jọ́ náà, ẹ yáa jókòó sílé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ tó ń fi orúkọ rẹ dúró fún ọlọ́rọ̀, bó bá rán ọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń lọ tẹ́lẹ̀, bi í pé kí ló dé. Bí ìdáhùn ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, gbé ọjà rẹ̀ padà fún un kí ẹnì kan tó fara pa.