Ìlà Àwẹ̀ró Aláró

Láníyonu rò pé òkú tí kò bímọ kò lẹ́ni tí yóò gbèjà rẹ̀. Gbogbo àdúgbò wọn ló jọ kọ ewì kan sára ògiri òpópónà, ilé kọ̀ọ̀kan, ìlà kan, èèwọ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni pa ti ẹnìkejì rẹ́. Àwẹ̀ró aláró ti kọ tirẹ̀ kó tó kú: “Ẹ̀yin tí mo rẹ aṣọ yín láró, ẹ má gbàgbé mi.” Láníyonu fi ọ̀dà funfun bò ó, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà síbẹ̀.

“Ta ni yóò bèèrè?” ló wí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ó gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì lára ògiri náà: ṣàà, ṣàà. Obìnrin kan kọ ẹ̀yìn sí i, aró ti mu ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?”

“Orúkọ kan ni mo ń pa rẹ́,” obìnrin náà dáhùn, kò wẹ̀yìn. “Ta ni yóò bèèrè?”

Láníyonu sáré délé, ó ń gbá ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó gbé àtùpà sókè, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

“Ẹ káalẹ́ o. Ta lẹ ń wá?”