Òkú Kì í Sọ̀rọ̀

"Ẹ̀yin náà ṣì ń wá bẹ́ ẹ ṣe máa mọ bríìjì ta sí i? Ta ló kù tẹ́ ẹ ò tíì nà ní gbogbo Alẹkisáńdíríà?"

Nihal ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Dubai dé ni, ó sì fa àga sún mọ́ olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì, tó ń kọ̀wé lórí tábìlì kíláàbù tí wọ́n ti ń ta bríìjì, eré káàdì ẹlẹ́ni mẹ́rin.

"Panu mọ́. Ohun tí mo máa ṣàtúnṣe lọ́dún tó ń bọ̀ ni mò ń kọ."

"Ẹ kà á sétí mi, Àǹtí."

"Èkíní, mi ò ní máa gbàgbé káàdì tó ti jáde. Èkejì, mi ò ní máa wo ọkọ mi níwòkuwò tó bá ta káàdì bí òpònú."

Nihal bú sẹ́rìn-ín. "Ojú Ọ̀gbẹ́ni Wagdi ti rí nǹkan! Ogójì ọdún lẹ fi jágbe mọ́ ọn: 'Òkú kì í sọ̀rọ̀!'"

Nínú eré yìí, òkú là ń pe ẹni tó bá tẹ́ káàdì rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnìkejì rẹ̀ máa bá a ta á. Kò gbọdọ̀ yanu. Wagdi kì í lè panu mọ́.

"Ọkọ yín dà? Ẹ pè wọ́n wá, kí n na ẹ̀yin méjèèjì lónìí."

"Ogójì ọjọ́ wọn la ṣe lánàá, ọmọ mi."

Olùkọ́ pín káàdì sọ́nà mẹ́rin, ó ṣí ti iwájú àga Wagdi tó ṣófo, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa. Ó wá fa ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó kọ ẹ̀kẹta:

"Bí òkú bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí n jẹ́ kó sọ̀rọ̀."