Baálé Tí Kò Fẹ́ Wà Lábẹ́ Orúkọ Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ̀yin ọkọ ilé, ẹ má kà á dé àárín kẹ́ ẹ sá o. Ẹ ka ìtàn yìí parí, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.
Wẹ́dà kan wà tí wọ́n ń pè ní Baálé. Kì í ṣe pé ó jẹ oyè. Kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má fi "èmi ni baálé" kún un ni. Ó fẹ́ràn ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Agídí ló ń bá a jà.

Inṣọ́ránsì ìlera wà níbi iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ òṣìṣẹ́ ló máa san gbogbo owó rẹ̀. Tó bá kó ìyàwó àti ọmọ sí i, owó oṣù rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀. Apá rẹ̀ kò ká a, ló bá fi í sílẹ̀.

2.
Ilé iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì wá gbé inṣọ́ránsì tiwọn dé. Ilé iṣẹ́ máa san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọkọ àti ọmọ á sì wà nínú rẹ̀. Ìyàwó sáré wálé.

"Bàbá wọn, Ọlọ́run ti ṣe é! Ẹ fún mi ní fọ́tò yín, kí wọ́n kọ orúkọ yín sábẹ́ tèmi."

Ojú Baálé yí padà. "Sábẹ́ ta ni? Kí n dé ọsíbítù, kí wọ́n máa bi mí pé ta ni ìyàwó mi kí wọ́n tó tọ́jú mi? Ṣé èmi náà ti di ọmọ ẹ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ iná lẹ ń ṣe."

"Kó àwọn ọmọ sí i. Èmi kọ́. Èmi ni baálé!"

Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó sunkún. Kò gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pa, wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

3.
Ẹ wá wo nǹkan. Lọ́jọ́ kan, Baálé ń fi ẹ̀rọ lọ irin géètì, ó sì gbé gíláàsì tó fi ń dáàbò bo ojú rẹ̀ sórí nítorí ooru. Èérún irin kan fò, ó wọ ojú ọ̀tún rẹ̀.

Dókítà ní kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ kí ojú má bàa bàjẹ́. Ìyàwó na káàdì inṣọ́ránsì rẹ̀ sí akọ̀wé ọsíbítù. Akọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìyá wà níbí. Àwọn ọmọ wà níbí. Bàbá kò sí."

Baálé di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Sọ fún wọn kí wọ́n fi mí sí i. Sábẹ́ ẹ náà ni. Mo gbà."

"Bàbá wọn, wọ́n ti tì í."

Tọkọtaya náà tọrọ owó, wọ́n yáwó. Wọ́n ta ẹ̀rọ tó fẹ́ fi dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Kí owó tó pé, ó ti pẹ́ jù. Wọ́n yọ irin náà, ṣùgbọ́n ojú náà kò ríran mọ́.

Nígbà tí ọdún yí, òun fúnra rẹ̀ ló gbé fọ́tò lọ. Káàdì dé, orúkọ ìyàwó wà lókè, tirẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ojú kan ló fi kà á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Inṣọ́ránsì ìdílé kì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, tí ibi iṣẹ́ ẹnì kan nínú yín bá gbé e wá lówó tí apá yín ká, ẹ má bèèrè orúkọ ẹni tó máa wà lókè. Ẹ tètè wọ ibẹ̀. Àìsàn kò mọ baálé. Bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú ni.