Iye Gan-an

Ní òpin oṣù kẹta ọdún 1985, wọ́n mú Antoine, olùkọ́ ìṣirò ní Savè, nítorí ìwé kan tí wọ́n bá lára ògiri ilé ẹ̀kọ́, tí ó bú ìjọba ológun. Wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé náà jọ tirẹ̀. Yàrá tí wọ́n tì í mọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá kò ní ju fèrèsé kan lọ, òkúta ẹ̀gbẹ́ òkè ló sì dí fèrèsé náà lójú. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, etí ni Antoine fi ń rí i. Rosalie, ìyàwó rẹ̀, ń gbé oúnjẹ wá lójoojúmọ́ pẹ̀lú oyún oṣù méje. Àkọ́bí wọn ni. Ohun kan ṣoṣo tí Antoine ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni pé kí òun wà nílé lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá dé.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, Ṣẹ́fù Célestin, ọ̀gá ibẹ̀, gba àpò lẹ́tà wá láti ibùdókọ̀ ojú irin, ó jókòó kà wọ́n, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n mú olùkọ́ wá sí ìdí tábìlì òun. Ìdánwò kan ń bọ̀ ní oṣù kẹfà. Bí Ṣẹ́fù bá yege, wọn yóò gbé e ga, yóò sì kúrò ní Savè. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jókòó ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kùnà.

Ó ní ẹ̀rọ ìṣirò òun mọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn mú un wọlé. Ó tẹ sínúùsì ọgọ́ta dígíríì, ó sì gbé e fún Antoine wò: 0,8660254.

"Ó sún mọ́ ọn, Ṣẹ́fù, àmọ́ kì í ṣe òun. Ẹ fún mi ní bébà."

Bébà ṣọ̀wọ́n lọ́dún náà. Ṣẹ́fù mú ọ̀kan níwájú rẹ̀, ó dà á dojú bolẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé ojú tó funfun nìkan ni kí Antoine kọ nǹkan sí. Ọ̀rọ̀ ìjọba ló wà ní òdì-kejì. Ẹlẹ́wọ̀n tó bá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń fi kún ẹ̀ṣẹ̀. Antoine kò dúró gba ìkìlọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìwé ló kúkú gbé e débẹ̀.

Ó ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ méjì-méjì, ó sì fi ìlà kan là á láti orí dé ìdí. Ìdajì ìdí rẹ̀ di ọ̀kan. Ìlà àárín di gbòǹgbò mẹ́ta, iye tí ẹ̀rọ kankan kò lè kà dópin. Ó kọ √3 sókè, ó kọ 2 sísàlẹ̀.

"Èyí ni iye gan-an," ni ó wí. "Ti ẹ̀rọ yín, ibi tó ti rẹ̀ ẹ́ ló dúró sí."

Ṣẹ́fù rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, wọn kò pa ọ̀sán kan jẹ. Ṣẹ́fù ń kó gbogbo bébà náà sínú páálí kan, kí ó lè máa tún wọn kà títí di ọjọ́ ìdánwò. Nígbà ẹ̀kọ́, "ẹ̀yin" ni Ṣẹ́fù máa ń pe olùkọ́. Bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, Antoine a di "ìwọ", wọn a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní ọjọọjọ́ Ẹtì, Antoine a béèrè bóyá ọ̀rọ̀ òun ti dé láti Kòtònù.

"Ó ń sún mọ́lé," ni Ṣẹ́fù máa ń dáhùn.

Antoine, tí ó máa ń fún ọmọ tó bá kọ 0,87 ní òdo, a dúpẹ́, a sì padà sí yàrá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà, Rosalie kò wá. Germaine, àbúrò rẹ̀, ló gbé oúnjẹ dé.

"Àǹtí mi ti bí. Ọkùnrin ni. Wọ́n ní kí n bi yín pé ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀."

Antoine ní kí ó sọ fún un pé ó ń sún mọ́lé. Nígbà tí Germaine lọ tán, ó gbé orí lé ògiri, ó sunkún. Ó bẹ Ṣẹ́fù fún wákàtí kan péré. Ṣẹ́fù ní òfin kò mọ ojú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, márùndínlọ́gọ́rin dígíríì ni wọ́n ṣe, wọ́n sì rí iye rẹ̀ gan-an.

Ṣẹ́fù lọ ṣe ìdánwò ní Parakou. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọmọ náà ló padà dé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣílẹ̀kùn.

"Gbogbo ohun tó jáde lẹ ti kọ́ mi," ni ó wí. "Mo bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ nípa yín lọ́hùn-ún. Ẹ máa lọ sílé."

Antoine dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tí ó ń jáde, Àdìjá tí ń din àkàrà lódìkejì ọ̀nà ń gbé páálí bébà náà lọ, kí ó lè máa fi pọ́n àkàrà.

Omi, oyin àti iyọ̀ ti wà nílẹ̀ nígbà tí ó délé. Orúkọ bàbá Rosalie ni wọ́n ti ń gbèrò, ṣùgbọ́n Antoine gbé ọmọ náà mọ́yà, ó ní òun kò ní gbàgbé ẹni tó tú òun sílẹ̀. Rosalie wo ojú ọkọ rẹ̀ tó ti rù, ó gbà. Wọ́n pe ọmọ náà ní Célestin.

Germaine gbé àkàrà Àdìjá wọlé fún àwọn àlejò; Antoine tú tirẹ̀, ó rí onígun mẹ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́ lára bébà tí òróró ti rin, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí i padà láìbẹ̀rù: lẹ́tà láti Kòtònù ni, tí ó sọ pé ọwọ́ ti tẹ ẹni tó kọ ìwé ara ògiri, pé kí Ṣẹ́fù Célestin dá olùkọ́ Antoine sílẹ̀ lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin.