Àforíjì Tí Ìyá Sàlàkọ́ Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Rẹ̀ Tọrọ

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ibi tó parí sí ni ọ̀rọ̀ wà.

1.
Bí ẹ bá dé etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹ ní ta ló mọ ẹja á yan, ilé Ṣẹ̀rífátù, ìyá Sàlàkọ́, ni wọn yóò júwe fún yín. Obìnrin náà mọ iyì ara rẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló ri ẹ̀ka igi sínú omi kan tí ẹja ti ń wá forí pamọ́ sí, láti ìgbà náà ni ìdílé wọn sì ti ń fi omi yìí yangàn. Bí wọ́n bá kì wọ́n ní "ọmọ olómi tí kì í bẹ̀bẹ̀ ẹja", àgbọ̀n Ìyá á gbé sókè. Ẹ má dá a lẹ́bi. Oríkì dùn létí ẹni tó ni ín.

Inú omi yìí ni Sàlàkọ́, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ti bá Rídwàn, apẹja ará Ìbèṣè, tó ń da àwọ̀n. Ọ̀rọ̀ di ìjà. Sàlàkọ́ fi àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ gbá a lórí, ó ṣubú sómi, ó sì kú. Ogún ọdún ni kóòtù rán Sàlàkọ́ lọ sẹ́wọ̀n.

2.
Ká sọ tòótọ́, ọmọ náà di ènìyàn gidi lẹ́wọ̀n. Ó ń kọ́ àwọn yòókù ní àwọ̀n híhun, ó ń parí ìjà. Nígbà tó lò ju ìdámẹ́ta ọdún rẹ̀ lọ, àwọn ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n fúnra wọn bẹ kóòtù pé kó lọ parí ìyókù nílé, lábẹ́ ìṣọ́. Òun ni àwọn lọ́yà ń pè ní pàróòlù. Ìyá kun yàrá ọmọ rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun, ó sì ròyìn fún gbogbo àdúgbò.

Ni Álífà Fàsásì bá dé láti ọ̀dọ̀ Balqees, opó Rídwàn. Ó ṣàlàyé pé adájọ́ kò ní wo ìwà ọgbà ẹ̀wọ̀n nìkan, yóò gbọ́ ti ará ilé òkú, yóò sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin náà mọ ẹ̀bi rẹ̀. Balqees kò ní ta kò ó. Kí Sàlàkọ́ ṣáà fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé.

"Ẹ bá mi sọ fún un, Ìyá," Álífà ní. "Gbólóhùn kan ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Álífà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ olómi kì í bẹ ará Ìbèṣè lórí omi bàbá rẹ̀."

Kò jíṣẹ́ náà.

3.
Lọ́jọ́ ẹjọ́, ní Ìkòròdú, bí wọ́n ṣe ń mú Sàlàkọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà kóòtù ni Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Orí ọmọ wú. Àyà rẹ̀ yọ síwájú.

Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n yìn ín lójú adájọ́, Ìyá sì ń mi orí bí ẹni tó ni kóòtù. Adájọ́ bèèrè ibi tó máa gbé àti iṣẹ́ tó máa ṣe, ó dáhùn dáadáa. Adájọ́ wá ní, "Bí o bá tún bá ẹlòmíràn nínú omi yẹn ńkọ́?"

Sàlàkọ́ la ẹnu. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá gbé àgbọ̀n sókè.

"Omi bàbá mi ni, Olúwa mi," ó ní. "Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ mọ ohun tó ń wá."

Adájọ́ yíjú sí Balqees, ó ní bóyá ó ní ọ̀rọ̀ sọ. Obìnrin náà dìde.

"Mo ní in tẹ́lẹ̀, Olúwa mi," ó ní. "Mi ò sọ ọ́ mọ́."

Ó sì jókòó. Adájọ́ ní ìwà rere nínú ọgbà dára, ṣùgbọ́n òfin ní láti rò ó bóyá àwọn tó wà níta lè sùn fọkàn balẹ̀. Kò gbà á. Wọ́n dá Sàlàkọ́ padà.

4.
Nígbà tí Ìyá lọ wò ó, ọmọ kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dun Ìyá jù.

"Màámi," ó ní, "mo ti gbé àforíjì sẹ́nu kí n tó dá adájọ́ lóhùn. Ojú yín ni mo wò."

Ìyá padà sí Ẹ̀pẹ́, ó ti yàrá tuntun náà pa, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Omi ṣì jẹ́ tiwọn. Kò sẹ́ni tó ń pẹja níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kì ọmọ yín, ẹ fi ilé yín yangàn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀. Ẹ má fi oríkì dí i lẹ́nu. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.