Orúnkún Tí Kò Gbọdọ̀ Kúnlẹ̀

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ti ẹ̀rọ pààrọ̀ orúnkún Fadérera méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìrìn rẹ̀ ti dà bí ti ọmọge. Ní àárọ̀ yìí, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀ láti kí i. Bí ó ti fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì gan.

"Ẹ má bínú, mà," ni orúnkún ọ̀tún wí. "Ilé iṣẹ́ tó ṣe wá ti fòfin de ìkúnlẹ̀ láti àná. Ó ń jẹ́ kí a tètè gbó. Ẹ kàn tẹríba."

Inú bí Fadérera. "Ìyá tó bí mi ni kí n kàn tẹríba fún?"

"Fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi," ni ìyá arúgbó náà wí láti orí ibùsùn. "Mo ti gba ìkíni rẹ."

"Mi ò tíì kí yín, Màámi."

Ó di ibùsùn mú, ó rọra fi àyà lélẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. "Ẹ káàárọ̀, Màámi."

Ojú ìyá rẹ̀ pọ́n. "Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi bí ọ. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti bí àwọn tó ṣòfin náà. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni yóò dá ẹjọ́ wọn."